Ata Tí Mo Lọ̀ fún Sìdí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ní ẹ̀ ń bínú sí mi. Bàbá Bùráímọ̀, àbúrò yín, ló lá yín lálàá. Ó ní ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ kẹ̀yìn sí agbo ilé wa, òun kí yín títí, ẹ ò dá òun lóhùn. Gbogbo ilé ti gbà pé èmi ni mo fà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ wa pé agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ ti gbọ́ tẹnu wọn lójú àlá. Ẹ gbọ́ tèmi náà, kẹ́ ẹ tó máa bínú yín lọ.

Òótọ́ ni, mo gbé Sìdí lọ sí kóòtù. Sìdí tí ẹ bí, àbúrò mi, tí mo máa ń pọ̀n kiri Ọjà'ba nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń tajà lọ́wọ́. Nítorí Àwáwù ni mo ṣe gbé e lọ. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún gbé e lọ.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ fi ọmọ náà fún un? Ìyá Àwáwù ti kú, Lásísì àbúrò wa tó bí i sì ti ń di ẹrù rẹ̀ láti lọ sí Líbíyà. Ẹ pe gbogbo wa sí pálọ̀. Ẹ ṣí fìlà, ẹ gbé e lé orúnkún, bí ẹ ti máa ń ṣe tí ẹ bá fẹ́ dá ẹjọ́. Mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ ń bọ̀, torí èmi ni mo ti ń fún un ní ògì láti bí oṣù mẹ́ta. Ẹ gbé e lé Sìdí lọ́wọ́. Ẹ ní ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wà nílé ọkọ tí kò rí ọmọ bí, ẹ ní ọmọ ní í pe ọmọ wá. Gbogbo wa ṣe àmín. Ẹ dé fìlà yín padà, ọ̀rọ̀ sì parí. Ta ló jẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí fìlà yín bá ti padà sórí?

Mi ò dá yín lẹ́bi pé ẹ fún un lọ́mọ. Ìṣe wa ni, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Ẹ̀bi yín ni pé ẹ rán ọmọ ọdún méjì níṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bi í bóyá ó lè jẹ́. Bí kò bá rí ọmọ kankan pè wá ńkọ́? Ẹ ò sọ ohun tá a máa ṣe fún wa. Ọdún kejì lẹ kú, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa láti máa wò.

Kí n má purọ́ mọ́ Sìdí, ó fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti Gbági dé ló máa ń ra aṣọ wálé fún un, yóò sì mú un wá hàn mí níbi iṣẹ́, yóò ní kó yí ẹ̀yìn padà kí n rí bí wọ́n ṣe rán an. Ọdún kan kọjá, ọdún mẹ́ta kọjá, oyún ò dúró. Ìgbà tó yá ni ẹnì kan nínú àwọn tó ń bá a gbàdúrà kiri sọ fún un pé Àwáwù ni. Wọ́n ní òun ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ wọlé. Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn wọ Sìdí létí, kò sì jáde mọ́.

Ẹ mọ ibi tí mo ti ń lọta ní Bẹyẹrúńkà, ẹ̀yin lẹ bá mi ra ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́. Ẹ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ti olóṣèlú lọ. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé alọta mọ̀dí ilé gbogbo. Ojú abọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo mọ ilé tí àlejò wà, mo mọ ilé tí nǹkan ti há fún, mo mọ ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé tí kò tíì mọ bí ata ọkọ rẹ̀ ṣe ń ta. Mi ò ní béèrè, ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Àwáwù ni Sìdí máa ń rán wá. Mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé tó bá gbé ẹ̀wà àkàrà wá, tí mo bá ti kó o sínú abọ́ fún un tán, yóò fi ìka nu etí ẹ̀rọ, yóò lá a. Ẹ̀wà tútù ni o. Mo rò pé ìwàǹwára ọmọdé ni. Mo tiẹ̀ gbá a lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ní ọmọ tó wálé ayé wá jẹun. Ebi ni, Bàbá. Ọmọ ọmọ yín ni ebi ń pa lójú mi, mo sì gbá a lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan ó gbé abọ́ kékeré wá. Ata wẹ́wẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan ló wà nínú rẹ̀. Kò sí tòmátì, kò sí tàtàṣé, kò sí àlùbọ́sà. Mo bi í bóyá iná ni àǹtí rẹ̀ fẹ́ sè lọ́bẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Mo lọ̀ ọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún gbé e wá, mo tún lọ̀ ọ́. Èmi tí mo ti ń lọta láti ọdún mẹ́tàlélógún, tí mo mọ̀ pé kò sí ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi ata wẹ́wẹ́ nìkan sè nílẹ̀ Ìbàdàn, mo bu omi díẹ̀ sí i kó lè kúnná, mo dé e fún un, mo ní kó rọra máa lọ kó má dà á nù.

Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ méjèèjì ti wú, ó ń fi ọwọ́ tá ògiri rìn. Ó na abọ́ sí mi. Mo bi í, ó sì sọ ọ́ fún mi. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Sìdí ń ní kó jẹ́wọ́ ibi tó so ọmọ òun mọ́, bí kò bá sì ti rí nǹkan jẹ́wọ́, yóò rán an kó lọ lọ ata tó máa fi sí i lójú. Òun ló ń rù ú wá. Èmi ni mò ń lọ̀ ọ́. Mo pa ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ náà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Mo kọ́kọ́ ṣe bí ọmọ yín. Mi ò pe ọlọ́pàá, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá Sìdí nínú yàrá rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo bá a sọ ọ́. Ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó sunkún, ó fi Kùránì búra. Mo gbà á gbọ́ torí àbúrò mi ni. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ pé ó ti ra ọlọ kékeré sílé, kó má baà rán ọmọ wá sọ́dọ̀ mi mọ́.

Mi ò bá a sọ ọ́ mọ́, mo kàn lọ sílé rẹ̀. Mo gbé ọmọ náà sẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bó ṣe fúyẹ́ tó, mo gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí ojú òsì fọ́. Láti ibẹ̀ mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n darí mi sọ́dọ̀ àwọn wẹ́fíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé. Àwọn ló mú un lọ sílé ìtọ́jú ọmọ, wọ́n ní ibẹ̀ ni yóò wà títí kóòtù yóò fi sọ ibi tó máa gbé.

Ẹnu ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Bùráímọ̀ kó àgbà mẹ́rin wá bá mi. Ó ní kí n lọ gba ẹjọ́ náà kúrò nílẹ̀, kí ọmọ padà sílé Sìdí, kí ẹbí wá jókòó bá Sìdí wí. Ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Mo ní mo mọ̀, mo ní ọ̀rẹ́ kọ́ ni mò ń wá. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ wà láyé ni, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ò bá ti lọ gbà á.

Òótọ́ ló sọ. Ẹ ò bá ti lọ. Bí ẹ ṣe lọ nígbà tí ẹni tó ń tọ́ Mùínà, ọmọ ẹbí wa, ṣẹ́ ẹ lápá nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ wọ agbádá, ẹ lọ bá wọn ní kóòtù, ẹ ní ẹjọ́ ẹbí ni, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín nítorí iyì tí ẹ ní. Ẹ mú Mùínà padà wá sínú yàrá kan náà, sọ́dọ̀ ẹni kan náà. Gbogbo èèyàn yìn yín. Wọ́n sọ yín ní Bàbá Ẹ-jẹ́-á-mú-un-lọ-sílé, ẹ̀rín á sì máa bọ́ lẹ́nu yín tí wọ́n bá pè yín bẹ́ẹ̀. Apá Mùínà wọ́ títí dòní, ọwọ́ òsì ló fi ń gbálẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ bi í rí bó ṣe sùn lọ́jọ́ tí ẹ mú un padà? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ògiri kan ló la yàrá wa. Mo gbọ́. Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́, Bàbá?

Nígbà tí mi ò gbà, Bàbá Bùráímọ̀ sáré lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ pé kí wọ́n dá ọmọ padà fún ẹbí. Ààrẹ kóòtù ní ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún lòun ń dá, ẹni tó bá ń fi ata sí ọmọ lójú, kóòtù tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọmọdé ni kó lọ rojọ́ rẹ̀. Ẹ ò mọ irú kóòtù yìí. Kò jọ èyí tí ẹ máa ń mú wa lọ ní Mápó, tí èrò ń ti ojú fèrèsé wòran. Yàrá kékeré kan ni. Wọn kì í jẹ́ kí aláwòran wọlé. Adájọ́ jẹ́ obìnrin, kò dé irun funfun yẹn, ìdí tábìlì lásán ló jókòó sí, ọmọ sì lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó rí inú yàrá náà, ojú mi rí màbo. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti ìsọ̀ mi lọ síbẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ kan, adájọ́ lọ sípàdé. Lọ́jọ́ mìíràn, fáìlì ò dé. Ìgbà tí fáìlì dé, wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ síbòmíràn. Ìyá tó ń gbé yàrá kejì sí ti Sìdí, tó gbọ́ gbogbo igbe náà, ti ṣèlérí pé òun á wá jẹ́rìí. Nígbà tó yá, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mi ò bá a jà. Òun náà ń wá ẹni tó máa bá a sin òkú rẹ̀. Mo wá rí bí irú ẹjọ́ yìí ṣe ń kú. Kò sẹ́ni tó ń pa á. Wọ́n kàn ń jẹ́ kó rẹ èèyàn títí tí yóò fi lọ sílé.

Kò rẹ̀ mí. Ọmọ yín ni mí, orí kunkun yín ni mo jogún.

Ọjọ́ keje tí wọ́n wá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ gan-an, Bàbá Bùráímọ̀ àti àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dúró dè mí nínú ọgbà kóòtù. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bú mi ni. Bàbá Bùráímọ̀ ṣí fìlà, ó gbé e fún ẹni tó dúró tì í, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́, níwájú mi. Ọkùnrin tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tó sọ mí lórúkọ. Àwọn yòókù náà tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ọ̀rọ̀ ti tán, kò sí ohun tó lè béèrè tí wọn ò ní fún un. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó kù lọ́wọ́ àwọn nìyẹn, wọ́n sì lò ó.

Mo kúnlẹ̀, mo forí kanlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, “Bàbá, èmi náà ń bẹ̀ yín. Ẹ bá mi bẹ ata kó má ta ọmọ náà lójú mọ́.”

A wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ń wo ilẹ̀, èmi ń wo ilẹ̀, àwọn lọ́yà ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Akọ̀wé kóòtù ló yọjú pe orúkọ mi. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ orí wọn kọjá, mo wọlé. Ohun tí wọ́n ní mo fi ba orúkọ yín jẹ́ nìyẹn.

Nínú lọ́hùn-ún, lọ́yà Sìdí bi mí bóyá dókítà ni mí. Mo ní rárá, alọta ni mí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí ló wá fi dá mi lójú pé ata náà kì í ṣe ti ọbẹ̀.

Mo ní, “Sà, ẹ ní kí ìyàwó yín fi ata wẹ́wẹ́ nìkan sebẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ kọ tèmi mọ́ ọn.”

Adájọ́ gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ, kóun lè kọ ọ́ dáadáa. Mo tún un sọ. Ìgbà yẹn nìkan ni Sìdí gbójú sókè wò mí.

Adájọ́ dájọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ó ní Àwáwù ò gbọdọ̀ padà sọ́dọ̀ Sìdí. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé títí wọ́n á fi rí Lásísì, tó ti lé lọ́dún méjì tá a ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn wẹ́fíà yóò máa yọjú wò ó, wọ́n á máa yọjú wo èmi náà. Sìdí ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi tí wọ́n bá wà níbẹ̀. Ti ìyà tó fi jẹ ọmọ náà, kóòtù mìíràn ló wà, wọn ò tíì dá a. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè mí síbẹ̀, màá lọ.

Ilé wa ò lọta lọ́dọ̀ mi mọ́. Ọ̀rányàn ni wọ́n ń rán ọmọ wọn lọ báyìí, nínú oòrùn, kí wọ́n má baà rí ojú mi. Wọ́n ṣe àdúrà ọdún yín láìpè mí. Mo jókòó sórí àpótí mi nínú ìsọ̀, mo ka Fátíhà fún yín níbẹ̀, àdúrà náà ò sì ní kó máà dé. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹbí, kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ yín tó wà lára mi, ẹ jẹ́ kí n rí bí wọ́n ṣe máa yọ ìyẹn.

Ẹ má rò pé mo kórìíra Sìdí. Ó ń dùn mí. Mo ń rí i nígbà mìíràn lójú ọ̀nà Bẹẹrẹ, ó ti rù, kì í we gèlè dáadáa mọ́. Wọ́n ṣe òun náà níbi. Gbogbo wa la ń bi í lọ́dọọdún pé ọmọ dà, bí ẹni pé ó gbé e pamọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ rẹ̀ kò fún un láṣẹ lórí ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó wá. Òun nìkan ni, kò mú ẹbí kankan dání. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dìde lọ dúró síbẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n kàn rí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Bàbá ló fi í fún mi.”

Bàbá, orúkọ yín ló fi bẹ̀ mí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yà kúrò lọ́nà, kí n má purọ́ fún yín. Mo wá rí i pé nǹkan ń fà mí níró lẹ́yìn. Àwáwù ni. Kò sunkún, kò sá. Ó rọra sọ ọ́ ni: “Ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọlé.”

Mo ti ilẹ̀kùn. Sìdí ò lọ bọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ níta, mo gbé ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, èmi náà ń sunkún, mi ò sì ṣí i.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí rèé, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Mo fẹ́ràn yín. Kò sí ọjọ́ tí mi ò rántí yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ dúró níta lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú agbádá yín, tí ẹ wá mú un padà fún un, ǹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yin náà.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin, tó ń tọrọ àánú Ọlọ́run fún yín lójoojúmọ́, tí kò sì tọrọ àforíjì.